Ọ̀dà Àwọ̀ Ewé fún Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Kò Ní Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ìyàwó ọmọ mi ló ń kọ èyí. Èmi ni mò ń sọ ọ́. N kò mọ̀ ọ́n kọ, n kò mọ̀ ọ́n kà, ìyẹn kò sì pa mí títí mo fi di ìyá àgbà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ sí i. Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n kọ ìkìlọ̀ yẹn náà?" Mo ní kó kọ ọ́.

Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ láàárọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Bàbá rẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo sì ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tí kò tíì mọ ìrìn, nítorí náà n kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n bá a sọ. Ó ní a ti rí iṣẹ́ ilé ìwòsàn gbà. Wọ́n kọ́ apá tuntun mọ́ ti àtijọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀dà tuntun bá ti àtijọ́ mu, débi pé ẹni tó bá ń rìn bọ̀ kò ní mọ ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Èmi ni mò ń po irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Mú bọ́tìnnì wá, mú ẹsẹ̀ àga tó kán wá, màá po àwọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ní aláyẹ̀wò kan. Obìnrin ni, kò gbọ́ èdè wa. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ni yóò dé. Wọ́n ní ẹni tó po ọ̀dà náà gan-an ni yóò dúró níwájú rẹ̀, tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bí ògiri tuntun ṣe rí sí ti àtijọ́. Wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, yóò sì fọwọ́ sí i.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju kí n kí ènìyàn láàárọ̀ lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Onítáì na ọwọ́ sókè. Èmi ni mo sọ ọ̀dọ́kùnrin òṣìṣẹ́ wa yìí lórúkọ yẹn, torí kò sí ọjọ́ tí kì í so táì wá sínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Ó ní, "Ọ̀gá, mo lè dúró fún Ìyá. Ẹ kàn fi orúkọ mi síbẹ̀ pé èmi ni mo pò ó."

Mo ní, "Ta ló máa pò ó?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Èmi máa sọ ọ́ ni."

"Tó bá ti jẹ́ orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa wá mi wá sídìí tábìlì mi?"

Ó fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀. Tábìlì yẹn ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá fún mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ iṣẹ́ náà. Tí mo bá dìde kúrò níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ló kù fún mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí Ọ̀gá fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní, "Ìyá, odindi Gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní ta ló ń bèèrè odindi? Ìwọ̀nba èyí tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kan bá nǹkan kan mu ni mo fẹ́. Kí àwọn tó ni ín máa lo ìyókù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Atẹ̀wé ni ìyàwó mi ní ọ́fíìsì ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni mo nílò. Ó kó nǹkan ìdáná jọ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ.

"Compare" ni àkọ́kọ́. Ó gbé ṣíbí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní lẹ́yìn náà ńkọ́? Ó ní kò sí lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dájọ́, ó kàn ń sọ pé o gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, o sì ń wò wọ́n. Mo ní áà, Onítáì ti ń tàn wá jẹ! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í nípa àwọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló máa ń sọ, á wá káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

"Equal": ó bu omi sínú ife gíga kan àti ife fífẹ̀ kan. Ife kò jọra rárá, ṣùgbọ́n omi inú wọn dọ́gba. Ó ní ohun tí a bá lè wọ̀n tàbí kà ni kí n máa lò ó fún, kí n má gbé e dé ìdí àwọ̀.

"Resemble": ìyẹn ni jíjọ. Ó ní kí n fún òun ní àpẹẹrẹ. Mo ní ọmọ mi jọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun náà dúpẹ́.

"Match": ó dé ìkòkò ní ọmọrí rẹ̀. Kò mì. Èyí gan-an ni mo ń wá. Ọmọrí kì í ṣe ìkòkò, ìkòkò kì í ṣe ọmọrí, ṣùgbọ́n o kò lè fi ọ̀kan bú èkejì.

"Differ" ni èyí tó bá yàtọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo ní kó jẹ́ kó máa tẹ̀ lé e.

Mo tún márààrún sọ títí àwọn ọmọ fi gbà á lẹ́nu mi tí wọ́n ń fi ṣeré káàkiri ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Àkàbà mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ni olórí àwọn akunlé wa, ó sì ga bí ohun tí wọ́n fi ń pè é. Mo fẹ́ gé èépá ògiri tí màá fi po ọ̀dà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àtijọ́ náà gùn, kò ní fèrèsé kankan, iná gbọọrọ funfun ni wọ́n tò sí àjà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọ̀ ewé tó ti ṣá ni ògiri náà, ó ní eérú díẹ̀ nínú. Àwọ̀ gidi. Bàbá Ọ̀gá ló pò ó kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Mo ti fa ọ̀bẹ yọ nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan dé. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe ní ògiri wa?"

"Mo fẹ́ gé e."

"Ẹ fẹ́ gé ògiri?"

"Díẹ̀ ni."

Ó ní tó bá di dandan, kí n gé e lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú kò tó. Mo ní rárá, ibi tí ojú kò tó kò ṣá bíi ti ibi tó kù. Ibi tí gbogbo ayé ń fi èjìká gbá kọjá ni mo fẹ́. Ó bi Àkàbà bóyá orí mi pé. Àkàbà ní òun kò tíì mọ̀ láti ọdún méjìlá tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Mo gé mẹ́ta, mo dì wọ́n sínú aṣọ eérú mi, aṣọ aláwọ̀ eérú tí kì í jìnnà sí mi níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ mi wá jókòó tì mí. "Ìyá, ẹ̀yin àti Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ orí yín? Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bá yín sọ ọ́." Mo ní nígbà tí o pé ọdún mẹ́ta, o kò tíì lè sọ pé omi ń gbẹ ọ́ láìsunkún. Ṣé mo wá ẹlòmíràn tó máa bá ọ sọ ọ́? Ó dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti àná. Ọ̀dà kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nínú irú ojú ọjọ́ yìí, ọ̀dà tútù sì máa ń purọ́. Mo ní láti dúró.

Kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, kí ìyàwó mi lè kà á fún àwọn ọmọ. Màá fi ọ̀dà kun páálí, màá jẹ́ kó gbẹ pátá. Màá gbé èépá ògiri lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n n kò ní tíì wò ó. Aṣọ eérú mi ni màá kọ́kọ́ tẹjú mọ́ kí ojú mi sinmi, kí n tó yí i sí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwò àkọ́kọ́ yẹn ni mo gbà gbọ́. Tí o bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ojú rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bẹ̀.

Mo wà lórí agolo keje nígbà tí Onítáì kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó "equal".

Mo ní, "No. It resembles."

Ó dúró lójijì. "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? O wọ̀n ọ́n ni?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Agolo kẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Wọ́n jọ ọ́. Jíjọ kò tó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyàwó mi ní kí n máa lo àwọn ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo kí wọ́n lè mọ́ mi lẹ́nu. Ní àárọ̀ yìí, Ọ̀gá dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ń bá wa wí nípa ìmọ́tótó. Mo wo ìsàlẹ̀. Mo nawọ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé bàtà rẹ̀ kò "match".

Òótọ́ ni. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní àwọ̀ bíi kọfí. Inú òkùnkùn ló ti wọ̀ wọ́n kúrò nílé. Àkàbà ní láti jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò lè sọ pé wọ́n jọra ni, kí ẹ fi bò mí láṣìírí?" Mo ní wọn kò jọra pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mo ti rí i! Agolo kọkàndínlógún. Oòrùn yọ díẹ̀ lẹ́yìn òjò, mo wo aṣọ eérú, mo yí ojú, n kò rí etí èépá náà mọ́. Ó rì sínú páálí bí ìgbà tí omi bá wọnú omi.

Mo pe gbogbo wọn wá sí ìdí fèrèsé. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Mo ní, "They match." Onítáì pàápàá mi orí. Ọ̀gá ní kí wọ́n pò ó sínú dúrọ́ọ̀mù, kí Àkàbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Mo ra ẹja bọ̀ nílé. Ẹja ti wọ́n. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àkàbà ránṣẹ́ pé wọ́n ti kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun tán, wọ́n ti wọ àwọn yàrá. Yàrá mẹ́rìnlélógún. Ó ní wọn kò tíì fa iná débẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣì wà ní ṣíṣí sí ìta, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń wọlé dáadáa, ògiri sì dà bí ọ̀kan ṣoṣo.

Gẹ̀ẹ́sì mi ń lọ. Mo ti lè fi márààrún sọ̀rọ̀ láìdúró wá wọn kiri.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Ìyàwó mi, kọ èyí bí mo ṣe sọ ọ́.

Wọ́n ti mọ ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pa lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì tan iná sí i ní àárọ̀ yìí. Àkàbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pè mí. N kò tíì rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Níbi tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́, ìlà kan wà níbẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí etí ìró tí wọ́n gbé lé òmíràn. Ti àtijọ́ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Tèmi ti fẹ́ di pupa rúsúrúsú.

Ọ̀kan nínú àwọn akunlé ń sọ lẹ́yìn mi, kò mọ̀ pé etí mi kò tíì di. "Ojú màmá ti lọ."

Mo yípadà. "Ojú mi rí ọ o, ìwọ tó so bẹ́líìtì rẹ sódì."

Mo mú èépá ògiri kan àti páálí agolo kọkàndínlógún, mo gbé wọn jáde síta. Wọ́n bára mu. Mo gbé wọn padà sábẹ́ iná gbọọrọ. Wọ́n yàtọ̀. Mo jáde, mo wọlé, ìgbà mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn ń wò mí, kò bi Àkàbà ní nǹkan kan mọ́.

Ojú mi kò purọ́. Èmi ni mo bi ojú mi ní ìbéèrè níbi tí kò yẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìdí fèrèsé ni mo ti ń dá gbogbo ẹjọ́ mi, torí gbogbo ògiri tí mo ti bá po ọ̀dà ló ní fèrèsé. Mo fi ẹsẹ̀ mi rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mo rí i pé kò ní, mo tún sọ ọ́ sínú ìwé yìí. Mo gbé èépá rẹ̀ lọ sí ìdí fèrèsé síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ìpàdé. Ọ̀gá kò jókòó. Onítáì ní òun ní ìmọ̀ràn. Ó ní kí a bẹ aláyẹ̀wò pé kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí Ìyá gbé èépá àti páálí hàn án nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó sọ pé wọ́n "match", kó sì tẹ̀ka. "Ìyá kò ní purọ́," ó ní. "Wọ́n bára mu níta lóòótọ́."

Ọ̀gá wò mí. Mo rí i pé ó ti ń rò ó.

Mo ní, "N kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí n lè fi purọ́. Yorùbá mi tó mi í fi ṣe ìyẹn."

Ọ̀gá gbójú kúrò lára mi. Àkàbà wúkọ́ kí ó má baà rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó nǹkan àtijọ́ sí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ọjọ́ méjì nínú eruku. Ohun tí mò ń rò nìyí: yẹ́lò tí bàbá Ọ̀gá fi po àwọ̀ ewé rẹ̀ kì í ṣe irú yẹ́lò tí a ń rà báyìí. Tiwa ń dán, inú agolo ló ń wá. Tirẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, ó dà bí erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, inú àpò ló máa ń wá, mo sì ti gbọn irú àpò bẹ́ẹ̀ rí ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀. Yẹ́lò méjì lè jọ máa rẹ́rìn-ín sí oòrùn, kí ọ̀kan bojú jẹ́ lábẹ́ iná.

Onítáì ló rí i. Ó bọ́ táì rẹ̀, ó fi di imú nítorí eruku, ó ń fa àwọn pákó àtijọ́ síwájú síwájú. Ó ní, "Ìyá, ṣé èyí ni?" Àpò kan, kò tó ìdajì. Mo fi ìka tọ́ ọ wò lábẹ́ iná. Òun ni.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Táì yẹn ló máa ń fún un lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Agolo méje péré ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn gan-an ni mo gbé àga sí, lábẹ́ iná, pẹ̀lú aṣọ eérú mi. Àwọn aláìsàn ń kí mi ní ìkíni ẹni tí wọ́n rò pé òun náà ń ṣàìsàn. Èkeje rì. Mo gbé e síta, ó rì níta pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú inú àpò náà kò lè tó ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọn kò sì ta irú rẹ̀ mọ́, Ọ̀gá ti bèèrè títí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọn yóò tún kùn. Yàrá mẹ́rìnlélógún yóò wà bí wọ́n ṣe wà. Ògiri àtijọ́ kò dé inú wọn, wọ́n sì ní fèrèsé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀gá wá sí ilé mi. Ó mú èso wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èso ló gbé e wá.

"Ìyá, lórí àwọn yàrá yẹn. Ọ̀sán ni aláyẹ̀wò ń bọ̀. Fèrèsé á wà ní ṣíṣí. Wọ́n máa bára mu. Tí kò bá bi yín nípa iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Tó bá ní kí a tún gbogbo yàrá kùn, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ti tán nìyẹn."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Lẹ́yìn tó lọ, ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní kó tún gbé àwọn ife yẹn wá, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe fèrèsé àti iná ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì bi mí ní ìbéèrè. N kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Aláyẹ̀wò náà kéré, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó mú pátákó ìkọ̀wé dání. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a kọ́kọ́ wọ̀. Ó fọwọ́ ra ògiri láti apá àtijọ́ dé tuntun, ó ń wá ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ó kọjá rẹ̀, kò mọ̀. Ó padà. Ó tún kọjá rẹ̀. Ó bi mí. Mo ní, "They match." Ó kọ ọ́.

A wọ yàrá àkọ́kọ́. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, oòrùn kún ibẹ̀. Mo gbé èépá ògiri lé ògiri náà. Mo ní, "At the window, they match." Ó kọ ọ́. Ó ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá tú èémí jáde.

Mo ní, "Wait."

Mo ti fèrèsé. Mo fa kọ́tìnnì sí i. Mo tan iná. Mo tún gbé èépá náà lé ibi tí mo ti gbé e sí tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Under the lamp, they do not match. They resemble."

Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Onítáì kò mira.

Obìnrin náà súnmọ́ ọn. Ó pa iná, ó ṣí fèrèsé. Ó ti í, ó tan iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá bi mí pé ṣé wọ́n "differ"? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní báwo ló ti tó? Gẹ̀ẹ́sì mi kò dé ibẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ hàn án, mo sún wọn mọ́ra títí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kàn. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo wo Onítáì.

Onítáì ní, "Ìyá, ó ní kí ló dé tí ẹ fi sọ fún òun? Ó ní òun ti ń jáde lọ."

"Sọ fún un pé àwọn aláìsàn kì í jáde lọ. Inú yàrá yìí ni wọ́n ń sùn, oòrùn á wọ̀, wọ́n á tan iná. Tí wọ́n bá gbé àga àtijọ́ kan tó ní àwọ̀ yẹn wọlé, wọ́n á rí i. Kí ó kọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún un. Kò fi nǹkan kan kún un, mo ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Obìnrin náà ṣí ìwé kan lórí pátákó rẹ̀. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ sọ pé kò gbọdọ̀ hàn rárá. Ní ti yàrá, níwọ̀n ìgbà tí ògiri àtijọ́ kò bá sí nínú rẹ̀, jíjọ tó, bí wọ́n bá ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjọ ni. Ó ní ká ní òun fúnra rẹ̀ ló bá a ní òru ọjọ́ kan lẹ́yìn tí a ti kọ "match", òun ìbá ní kí a ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Nígbà tí Onítáì túmọ̀ èyí, Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.

Ó na fọ́ọ̀mù sí mi. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n kà. Ó gba pátákó náà padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó ya fèrèsé kékeré kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ó ya gílóòbù. Ó fi ìka tọ́ fèrèsé, ó ní, "Match." Ó fi ìka tọ́ gílóòbù, ó ní, "Resemble." Ó ń dúró kí n mi orí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó tẹ̀ka sí i.

Ó ń wá tàdáwà kiri inú àpò rẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ọ̀dà tí mo fi tún ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe láàárọ̀ kò tíì gbẹ lórí àtàǹpàkò mi. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ó gbé e sókè mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí a ti ń jáde. Kò bi mí ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Match."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ní kí Ọ̀gá gbé iná gbọọrọ kan kọ́ sí òkè tábìlì mi. Ó ní ṣé fèrèsé kò tó ni? Mo wò ó. Ó lọ gbé àkàbà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, obìnrin kan mú ọwọ́ dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tó já wá, ó ní kí a po ọ̀dà tó bá a mu. Mo ti na ọwọ́ láti gbà á. Onítáì ti ṣáájú mi. Kò so táì. Ó ń bi obìnrin náà pé ibo ni dúrọ́ọ̀ náà máa ń wà nínú ilé, ṣé ìdí fèrèsé ni tàbí abẹ́ iná.